Ìwé Ni àbí Gọ́ọ̀mù: Ọ̀rọ̀ Ìdí Ọkọ̀ Búrẹ́dì Mi

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu mi jù. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ pé ẹni tó bá máa fẹ́ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun yó kó tó lè máa dá mi lóhùn. Ọkọ mi ń jẹun yó lóòótọ́, síbẹ̀ ó ṣì máa ń sá fún mi. Bí mo bá ra nǹkan, mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì ara mi, tí mo fi ń kó búrẹ́dì láti Agége lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Ìkẹjà. Nígbà tí mo rà á, mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó. Mo rí irin ńlá roboto kan láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Wọ́n ní díìfù nìyẹn, pé inú rẹ̀ ni àwọn irin eléyín tó ń yí táyà wà, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ́ìlì tó ki. Ó ní ìdérí lẹ́yìn bí ìdérí ìkòkò, nọ́ọ̀tù ni wọ́n fi dì í yíká. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdérí yẹn àti irin kí ọ́ìlì má baà jò. Nítorí ohun kékeré yẹn ni mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ọmọlúàbí kan jẹ́.

Ọmọlúàbí náà ni Bàbá tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe, nítòsí ojú irin ní Agége. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Tẹ̀sùbáà wọn máa ń wà lára ìṣó kan náà tí wọ́n ń fi sípánà kọ́. Gbogbo àwa tí à ń kó búrẹ́dì ní ilé búrẹ́dì wa, ọ̀dọ̀ wọn là ń lọ, ọkọ̀ mẹ́fà ni wá. Ọkọ̀ tó bá wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni aráyé fi ń mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ dára.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí ọ́ìlì nílẹ̀ níbi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Bàbá wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ìwé tó wà láàárín ìdérí àti irin yẹn ti gbó. Mo rò pé wọ́n á lọ ra òmíràn ni. Rárá o! Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n mú, wọ́n tẹ́ ẹ lé ìdérí yẹn lórí, wọ́n wá ń fi òòlù kékeré gbá etí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó, kó, kó, títí páálí fi gé ara rẹ̀ yíká bí ìdérí ṣe rí. Mo lóṣòó tì wọ́n. Mo gbàgbé pé búrẹ́dì gbígbóná wà nínú ọkọ̀.

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò lo gọ́ọ̀mù inú ike yẹn? Òun ni gbogbo ayé ń lò báyìí."

Wọ́n ní, "Bí irin bá tẹ́jú, ìwé ló dáa jù. Wàá dè é, wàá da ọ́ìlì sí i, wàá máa lọ. Bí ìdérí bá ti tẹ̀, gọ́ọ̀mù ló lè wọ ibi tó tẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ń fẹ́ sùúrù. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì ò sì ní sùúrù."

"Ẹ ò ṣe kúkú lo méjèèjì pọ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá oníbúrẹ́dì, ṣé o máa ń ki bàtà méjì bọ ẹsẹ̀ kan ni? Gọ́ọ̀mù á mú kí ìwé máa yọ̀. Bó o bá ṣe ń dè é le, bẹ́ẹ̀ ni ìwé á máa yọ síta."

Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn débi pé mo ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi ní Ìkẹjà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ọ́ìlì tún jò. Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá, mo ní gọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọn ò jà mí níyàn. Wọ́n fi bẹntiróòlù nu irin náà mọ́ tónítóní, wọ́n fa gọ́ọ̀mù yíká tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ó tún jò!

Inú bí mi. Bí inú bá sì ti bí mi, ẹnu mi kì í ní ìdérí. Níbi tí gbogbo wa ti ń dúró de búrẹ́dì láàárọ̀ ni mo ti pariwo pé, "Bàbá yẹn ti darúgbó, ojú wọn ò ríran mọ́. Ìdérí lásánlàsàn, wọn ò rí i dí!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ márùn-ún tó kù ti wábi gbà. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí wọn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ilẹ̀ iwájú wọn mọ́ fún àìsí ọkọ̀. Wọ́n juwọ́ sí mi. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí wọn.

Ọkọ̀ ṣì ń jò ṣá. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, tó ti gbòmìnira láti ọdún pípẹ́, tó sì ti di ọ̀gá ara rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Mo rò pé gọ́ọ̀mù tirẹ̀ á yàtọ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ọkọ̀, ó bi mí pé ta ló di àwọn nọ́ọ̀tù yìí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó gbé sípánà sílẹ̀.

"Mi ò lè tú ohun tí ọ̀gá mi dì láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má pè wọ́n, àfi bí ẹni tó ń bẹ òkúta. Bàbá gun kẹ̀kẹ́ wá. Ojú tì mí, mo ń wo ilẹ̀. Wọ́n kí mi bí wọ́n ṣe máa ń kí mi, "Ìyá oníbúrẹ́dì, ṣé àlàáfíà ni?" Wọ́n tẹ́ páálí, wọ́n dùbúlẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ mi.

Wọn ò fọwọ́ kan ìdérí rárá. Ọwọ́ wọn ń lọ sókè, sórí irin gbọọrọ tó so táyà méjèèjì pọ̀, ó ń wá nǹkan kiri díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ afọ́jú. Ó dúró lójú kan. Wọ́n ní, "Ta ló kun ìdí ọkọ̀ yìí lọ́dà?"

Mo ní, "Èmi ni." Kódà mo fi ìyangàn sọ ọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ni mo rí ìpẹtà níbẹ̀, mo ra ọ̀dà dúdú, mo wọ abẹ́ rẹ̀ fúnra mi, mo kun gbogbo ẹ̀ pátápátá, kò ku ibì kan.

"Kò ku ibì kan lóòótọ́," ni Bàbá wí. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha nǹkan kékeré kan tó rí bí fìlà irin, wọ́n yí i. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wa ọkọ̀ kiri, ìdí rẹ̀ ṣì gbóná. Atẹ́gùn bú jáde níbẹ̀, ṣììì, ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

"O gbọ́ bó ṣe ń mí?" Wọ́n ní ihò tí díìfù fi ń mí nìyẹn. Bó bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wú, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Èmi ti fi ọ̀dà dí i. Atẹ́gùn wá ń ti ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí jáde, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe gọ́ọ̀mù, ìbáà ṣe sìmẹ́ńtì. "Èmi náà jẹ̀bi o. Ó yẹ kí n ti fọwọ́ wá a láti ọjọ́ kìíní."

Háà! Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn ni mo bèèrè, àfi ohun tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì kún. Mo jẹ́wọ́ fún Bàbá pé èmi ni mo tú àwọn oníbàárà wọn ká. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ láti ìgbà yẹn, kí n dìde kí aṣọ mi má bàjẹ́. Ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ gé páálí, kó, kó, kó, ó fi dì í. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀kán kan ò jò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sójú kan náà níwájú ilé búrẹ́dì, mo pariwo pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé ọwọ́ Bàbá kò lábùkù. Ẹnì kan dáhùn pé, "Ẹnu kan náà tẹ́ ẹ fi sọ tìjọ́sí nìyí o." Ọkọ̀ mẹ́ta padà. Ọ̀kan ní ibi tóun wà ti mọ́ òun lára. Ẹnì kejì ní bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

Ní báyìí, bí mo bá ti pín búrẹ́dì mi tán, iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi mí pé kí ló tún ṣe é.

Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Mo kàn ní kí n gbé e síbí ni."

Wọ́n wo ọkọ̀ náà, wọ́n wo ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Gbé e síwájú díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè máa rí i láti títì."