Ìbò Kan Ṣoṣo Tí Télọ̀ Rí

Bí mo bá ti rí tépù ìwọnṣọ lọ́rùn ẹnikẹ́ni, télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà'ba ni mo máa ń rántí. Nígbà ayé òyìnbó, ẹgbẹ́ kékeré kan fà á kalẹ̀ láti du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú ní Mápó. Ilé dé ilé ló ń lọ, tòun ti tépù lọ́rùn. Á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á kí tọmọdé tàgbà, kò ní ṣèlérí kankan.

"Ẹ fojú yín wọ̀n mí," ló máa ń wí. "Tí mi ò bá tó, ẹ má dìbò fún mi."

Nígbà tí wọ́n tú àpótí ìbò, ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú tirẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Òun náà ló dì í fúnra ẹ̀!"

Ó mirí. "Ẹni tá a jọ ń dù ú ni mo dìbò fún. Ojú á tì mí láti yan ara mi. Ẹni tó dì í yìí ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè dúpẹ́."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ń ti ilé bọ́ sílé, gbogbo ilé tó dé ni wọ́n ní àwọn ni. Bàbá mi náà ní, "Èmi ni mo dì í fún ọ." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tépù rẹ̀ nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ìbò dì, tí mo dì í gan-an, dúró lẹ́yìn bàbá mi. Ta ló máa já bàbá ẹ̀ nírọ́? Mo kàn fojú wọ̀n ọ́n níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí: ó ga ju gbogbo wa lọ.