Delfino Arvizu, Baba Tó Ń Ná Omi

Kò sí ẹni ní San Ciriaco tí kò mọ ìtàn Torben. Kódà, àwọn tí wọn kò tíì bí lọ́jọ́ náà máa ń búra pé ìṣojú àwọn ló ṣe.

Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan láti Denmark ni Torben. Ó wá gun Cerro Terco, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ Olóríkunkun. Oṣù Kẹfà ni, aago mẹ́fà àárọ̀, oòrùn aṣálẹ̀ sì ti ń tanná ran àwọn òkúta. Ní ẹnu géètì tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀, ó bá Delfino Arvizu lórí àga, fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀, ike kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Omi mélòó lo gbé dání?" ni Delfino bi í.

"Ìgò kan, sà."

"Ìgò kan? Ṣé ojú lo fẹ́ fi bọ́ ni, àbí òkè lo fẹ́ gùn? Gálọ́ọ̀nù méjì ni. Ẹ̀rọ omi nìyẹn."

Ó yẹ kí Torben pariwo. Ó yẹ kó ní, "Háà, bàbá, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ààbọ̀." Delfino á ní kan àti ààbọ̀, wọn á fà á síwá, wọn á fà á sẹ́yìn, wọn á sì parí rẹ̀ sí gálọ́ọ̀nù kan péré. Gálọ́ọ̀nù kan yìí náà ni Delfino ní lọ́kàn kó tó ti ilé wá. Àlejò á wá máa rẹ́rìn-ín gòkè lọ bí ẹni tó rẹ́ arúgbó jẹ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ṣùgbọ́n Torben ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó pọn gálọ́ọ̀nù méjì kún dẹ́múdẹ́mú, ó gbé wọn pọ̀n, ó sì ń lọ.

Delfino la ẹnu sílẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún yìí, tí eruku ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán, dìde, tó sì ń sáré tẹ̀lé e.

"Ọ̀gbẹ́ni! Dúró! Ná an!"

"Ẹ ní kí n ṣe kí ni, sà?"

"Mo ní kí o ná an! Sọ pé ó pọ̀ jù!"

"Kò pọ̀ jù, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

"Ta ló ń gba iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè? Ṣé ìyá rẹ ò rán ọ lọ́jà rí ni? Ó dáa, ó ti di kan àti ààbọ̀!"

"Mo kúkú ti gbé e, sà."

"Kan! Ẹyọ kan! Jàre, mi ò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ!"

Ibẹ̀ ni èémí Delfino ti tán. Ó wó jókòó sórí òkúta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ehoro. Torben da gálọ́ọ̀nù kan sí i lórí kí ara rẹ̀ lè tutù, ó sì gbé e sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀. Bí omi ṣe ku gálọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Títí Delfino fi kú, ó ní òun lòun borí.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bàbà lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ìlú kò ní nǹkan mìíràn mọ́ ju òkè àti àwọn tó ń wá gùn ún lọ. Delfino bá gbé àga lọ sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó yàn án, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Àwa tí à ń gbé ẹni tí òkè bá dá dùbúlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni a kọ́kọ́ rí i pé iṣẹ́ wa ti dínkù. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í kàn sọ fún wọn pé gálọ́ọ̀nù kan tó.

"Ohun tí èèyàn ò bá jìyà fún, kì í kà á sí," ló dá mi lóhùn. "Bí mo bá fún un ní omi lọ́fẹ̀ẹ́, á gbàgbé ẹ̀ sínú mọ́tò. Bó bá fi ẹnu ara ẹ̀ ná an, á mu ún tán."

Òun alára kì í mu omi. Kọfí ló ń mu láti àárọ̀ dalẹ́. Bí a bá bá a wí, á ní, "Ṣé èmi ń gun òkè ni?"

Òótọ́ ni. Kò dé orí Cerro Terco rí láyé rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò gbà á. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ orí òkè náà tó o, nítorí kò sí ẹni tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ tí kò ní dá dúró. Á ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, á ní, "Ó yá, kí lo rí?" Ó di dandan kí olúwarẹ̀ rò ó: àgbò òkè mélòó, ẹyẹ wo, afẹ́fẹ́ wá láti ibo, ta ló kọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ sínú ìwé tí àwọn tó bá débẹ̀ ń kọ orúkọ sí, tó wà nínú àpótí irin lórí òkè.

Ọkùnrin kan tó wọ bàtà tuntun kan báyìí sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òun dé téńté, ó rẹwà gan-an ni.

"Àpáta tó wà níbẹ̀," ni Delfino wí, "ṣé ọ̀nà méjì ló là sí ni, àbí mẹ́ta?"

Ọkùnrin náà rò ó díẹ̀. "Méjì ni, sà."

"Kò là rárá. Ìdí bẹ́ǹṣì tó wà lójú ọ̀nà lo ti padà. Kú iṣẹ́ o."

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà tún gòkè lọ. Ó padà wá ní ọ̀sán, bàtà ti bó o lẹ́sẹ̀, ó sì ń pariwo láti ọ̀nà jíjìn pé, "Kò là! Kò là!"

Ajá ló wá dá ọ̀ràn sílẹ̀. Obìnrin kan mú ajá wá, Delfino ní ajá náà gbọ́dọ̀ gbé omi tirẹ̀. Wọ́n ná omi ajá fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí obìnrin náà délé, ó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó igbó ìjọba. Kò pẹ́ tí Rosalind Teague, ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ wa, fi mú ìwé àṣẹ wá: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni Teague wí. "Ìjọba ló ni ọ̀nà."

A ń retí pé kí Delfino ná an. Kò ná an. Ẹ̀rù bà wá.

"Ta ni yóò máa bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí?" ni gbogbo ohun tó sọ. Ó ká àga rẹ̀. Nígbà tí mo bá a gbé e dé ilé tí òun àti Ofelia àbúrò rẹ̀ jọ ń gbé, ó jókòó sí pálọ̀, ó wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Tẹlifíṣọ̀n yìí ń sọ̀rọ̀," ló wí fún mi, "ṣùgbọ́n èèyàn ò lè bi í ní nǹkan kan." Mo lọ sílé, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi.

Teague fúnra rẹ̀ ló bọ́ sẹ́nu géètì, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n lọ̀ dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, gálọ́ọ̀nù omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan."

"A dúpẹ́ o!" ni wọ́n ń dáhùn. Wọ́n dúpẹ́ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n sì fi ìgò kékeré kọjá lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn márùn-ún la gbé sọ̀ kalẹ̀. Teague bá wa gbé ẹnì kẹta àti ẹnì karùn-ún. Ẹnì karùn-ún sanra.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó dé ilé Delfino, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ròrò.

"Bàbá, mo wá kí yín. Ẹ lè máa wá sẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀."

Ojú Delfino kọ́kọ́ walẹ̀. Nígbà tó máa gbé e sókè, ó ti ń dán. "Ọjọ́ méje."

"Méje kẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni? Ọjọ́ kan àti ọ̀sán kan."

"Èwo ni ọ̀sán kan? Ó dáa, mẹ́fà. Mo máa fi ọjọ́ Ìsinmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Irọ́ ni!" ni Ofelia ké láti ilé ìdáná. "Kì í lọ!"

"Ìwọ Ofelia, ẹ̀yìn ta lo wà ná?"

"Ọjọ́ méjì," ni Teague wí, "mi ò sì lè fi kún un." Ó dìde, ó kọrí sí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kí Delfino tó pariwo.

"Padà wá! Mẹ́ta! Kó jẹ́ mẹ́ta!"

Teague di orí mú. "Ẹ ti pa mí, bàbá. Ó dáa, mẹ́ta."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìgbà náà ni Teague fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò: ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i láti àárọ̀. Delfino kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láti ilé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì jẹ́ kí n pè ọ́ padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, tí Ofelia fi sáré jáde. Gbogbo ẹni tó rí lóṣù náà ló sọ ọ́ fún, pé ọmọbìnrin kan ti lù ú ní gbájú-ẹ̀ ní pálọ̀ ara rẹ̀. Kò sí èyí tó borí rí tó fi yangàn tó èyí tó pàdánù yìí.

Ọdún méjì ló tún fi jókòó níbẹ̀. Ó kú ní oṣù Kejì, nígbà tí yìnyín fẹ́lẹ́ ṣì wà lórí òkè. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá tó ṣáájú, nígbà tí gbogbo wa ti rí i pé èémí rẹ̀ ń kúrú, àwa mẹ́jọ gbé bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́ tí a fi ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ wá sẹ́nu géètì. A ní a fẹ́ gbé e dé orí Cerro Terco.

"Ibi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ yí," ló wí.

"Orí òkè," ni Teague wí.

Wọ́n ná an títí, ó di ìdí bẹ́ǹṣì. Nínú ọkàn wa, a ní tó bá dé ibẹ̀ tó rí orí òkè, á gbà ká gbé e débẹ̀. A gbé e, a tì í, a làágùn, ó sì ń bú wa bí a bá ti jẹ́ kó fara gbún òkúta. Nígbà tí a dé bẹ́ǹṣì, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù.

"Bàbá, ó ku díẹ̀," ni Teague wí jẹ́jẹ́.

Delfino ṣí fìlà. Ó wo òkè fún ìgbà pípẹ́.

"Rárá o," ló wí. "Bí mo bá débẹ̀, kí ni màá tún máa bi àwọn èèyàn?"

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ná an. Omi lé sí mi lójú, mo sì ń ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Ó fi ẹsẹ̀ ta mí pẹ́pẹ́.

"Ìwọ tí o débẹ̀ lánàá, kí lo rí?"

Mo ti sọ ọ́ fún un lánàá náà, mo sì ti sọ ọ́ ní ìgbà tí kò lóǹkà ṣáájú ìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.