Ta Ló Kọ́ Ọ Ní Ààwẹ̀?

Mo rántí ìgbà tí wọ́n fi báírò pupa fa ìlà sórí orúkọ mi. Ojú gbogbo kíláàsì ló ti ṣẹlẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Kàbà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan nínú Lẹ́ńtì. Katikíìsì, olùkọ́ wa nínú ìjọ, fa ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó lè tètè gbẹ, ó wá wo ojú mi bóyá n ó sunkún. Mi ò sunkún. Títí di òní olónìí mi ò tíì sunkún nítorí ìlà yẹn, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì fún ohun tó fà á.

Abẹ́ Kwara la ṣì wà nígbà náà. Ìlọrin ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Mùsùlùmí ni, ọmọ ìjọ Àgùdà sì ni màmá mi. Ọ̀pọ̀ ilé ló rí bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe ìròyìn. Nígbà tí wọ́n bí mi, màmá mi fẹ́ gbé mi lọ fún ìrìbọmi, bàbá mi ní rárá o, kí wọ́n jẹ́ kí n dàgbà kí n fi ẹnu ara mi yàn. Mo dàgbà, mo yàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo wọ kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Àwa mọ́kànlá ni, àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde ni wọn yóò da omi sí wa lórí. Kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ ni màmá mi ti ra aṣọ funfun, tó ti gbé e fún télọ̀, tó sì ti fi í han gbogbo ẹni tó bá ya ilé wa.

Ilé ìyá bàbá mi là ń gbé. Obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo ni, ó ń hun aṣọ. Òfì rẹ̀ wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí kò mọ̀. Èdè Owé ló máa ń sọ, bí àwọn àgbà Kàbà ṣe ń sọ ọ́. Mo kàn ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí lọ́nà tí gbogbo èèyàn á fi gbọ́ ni.

Nígbà tí Ọjọ́rú Eléérú ku ọ̀la, mo lọ sọ fún un pé n ó gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ogójì ọjọ́ gbáko. Mo rò pé yóò yìn mí ni. Ó bi mí pé aago mélòó ni n ó máa jẹ sààrì. Mo ní àwa kì í jẹ sààrì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní a kì í jẹ ẹran, a kì í jẹun títí aago mẹ́ta ọ̀sán, ṣùgbọ́n a lè mu omi. Ó dá ọwọ́ dúró lórí òfì.

“Omi kẹ̀? Ẹ ń mu omi, ẹ tún ń pè é ní ààwẹ̀? Ọma mi, bí o bá máa gbà á, gbà á.”

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ kejì tó fi wá jí mi. Ó kí mi bí a ṣe ń kíni nílùú wa: “Okun o, dìde.” Tùwó gbígbóná àti ọbẹ̀ ilá ti wà nílẹ̀. Ó ku nǹkan bí oṣù kan kí ààwẹ̀ tiwọn tó dé, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ kò jẹ nínú rẹ̀. Ó kàn jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní kí n fi ọkàn sọ fún Ọlọ́run pé tirẹ̀ ni ọjọ́ òní. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ purọ́, n kò gbọ́dọ̀ ṣe òfófó, n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi kan ilẹ̀ ọ̀fun mi, àti pé tí itọ́ bá pọ̀ lẹ́nu mi kí n lọ tu ú dànù. Ojoojúmọ́ ló ń jí nítorí mi. Nígbà tí Sọ́ńdè dé tí mo sọ fún un pé a kì í gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wò mí lọ tó wò mí bọ̀, ó ní, “Ọlọ́run tiyín ti lọ sùn lónìí nìyẹn?” Ó sì gbé tùwó náà síwájú mi, ó ní kí ara má bàa gbàgbé.

Kí n má parọ́, mo di ẹni mímọ́ lójú ara mi. Tí mo bá rí àwọn ẹgbẹ́ mi nídìí ẹ̀rọ omi ilé ìwé, mo máa ń káàánú wọn bí ẹni pé iná ọ̀run àpáàdì ti ń jó wọn lẹ́sẹ̀. Mo máa ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí. Màmá mi ní bí mo ṣe ń fajú ro yẹn, Jésù gan-an kò fajú ro tó bẹ́ẹ̀ nínú aginjù.

Itọ́ yẹn ló tú àṣírí mi. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì nínú Lẹ́ńtì la máa ń tẹ̀lé Ọ̀nà Àgbélébùú. Wọ́n á ti fi aṣọ elésè àlùkò bo gbogbo ère inú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó máa kúnlẹ̀, a ó máa dìde, láti ibùdó kan dé èkejì, mẹ́rìnlá sì ni. Itọ́ á kún ẹnu mi, n ó jáde lọ tu ú sídìí òdòdó, n ó padà wọlé. Ọ̀sẹ̀ tí oṣù àwọn mùsùlùmí lé, mo jáde ní ibùdó kẹta, mo jáde ní ìkarùn-ún, mo tún jáde níbi tí Olúwa ti ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ní Kàbà, kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó máa ń tutọ́ báyẹn, àti ìdí tó fi ń tu ú. Katikíìsì ń kàwé àdúrà lọ, ojú rẹ̀ ń bá mi jáde, ó ń bá mi wọlé.

Lẹ́yìn ìsìn, ó kó wa lọ sábẹ́ máńgòrò, ó ní kí n dìde dúró.

“Ta ló kọ́ ọ ní ààwẹ̀?”

Mo mọ èsì tó ń fẹ́. Ó ti kọ́ wa nínú kíláàsì pé Jésù Olúwa wa ló kọ́ wa ní ààwẹ̀ nínú aginjù. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ ni, n bá ti jókòó. Ṣùgbọ́n tùwó àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń bẹ níkùn mi.

“Ìyá àgbà mi ni, Sà.”

“Ààwẹ̀ mùsùlùmí lò ń gbà nínú ilé Olúwa.”

“Rárá, Sà. Lẹ́ńtì ni. Láti Ọjọ́rú Eléérú ni mo ti ń gbà á, oṣù tiwọn ò tíì lé nígbà yẹn.”

Katikíìsì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti abúlé kan dé èkejì nítorí iṣẹ́ ìjọ, ó sì ti rí àwọn ọmọbìnrin tó kọ́ fún ọdún kan gbáko, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ Àjíǹde, tí wọ́n wá bá ọkọ lọ sí kéú kí ọdún tó yí po. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Ó ní òun yóò ṣàánú mi. Kí n má jẹun lọ́wọ́ ìyá àgbà mọ́ títí di Àjíǹde, kí n sì dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè Ọlọ́pẹ, kí n sọ pé ohun tó kọ́ mi kì í ṣe ààwẹ̀.

“Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, Sà. Ààwẹ̀ ni.”

Ìgbà náà ló fa báírò pupa yọ.

Màmá mi sunkún tèmi mọ́ tirẹ̀. Ó ní kí n kàn fi ẹnu sọ ọ́, Ọlọ́run á rí ọkàn mi, kí aṣọ má jókòó sínú àpótí. Mo ní rárá. Ó fi mí sílẹ̀, ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Sọ́ńdè Ọlọ́pẹ, ìyá àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì. Òun náà ti wà nínú ààwẹ̀ báyìí, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

“Lọ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí o sọ. Sọ pé èmi ò mọ nǹkan kan. Kò ní bu ẹran kúrò lára mi.”

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀ràn náà nìyẹn, pé òun ni wọ́n rán sí mi. Mo ní, “Màmá àgbà, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé alááwẹ̀ ò gbọ́dọ̀ purọ́.”

Ó mú kẹ́tùlù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó.

Lọ́jọ́ Ọlọ́pẹ, katikíìsì dánu dúró lẹ́yìn ìkéde, ó kọjú sí ibi tí mo jókòó. Mo di màrìwò mi mú, mi ò dìde. Lọ́jọ́ Àjíǹde, mo wọ aṣọ funfun mi, mo lọ jókòó níwájú. Wọ́n pe àwọn mẹ́wàá, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣẹ́ kù lórí bẹ́ǹṣì, èmi nìkan nínú funfun, gbogbo ọrùn yí sí mi. Mo gbé orí sókè.

Mo délé, màmá mi ti se ìrẹsì àti adìyẹ. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún wọn pé níwọ̀n ìgbà tí wọn ò tíì da omi sí mi lórí, Lẹ́ńtì tèmi kò tíì parí. Orí kunkun nìyẹn, mi ò pè é ní ìwà mímọ́. Mo bá ìyá àgbà gbà á títí oṣù wọn fi parí, a jọ ń fi kúnú àti àkàrà ṣínu lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì. Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, aṣọ funfun yẹn kan náà ni mo wọ̀ tí mo fi bá a gbé ẹní ìkírun rẹ̀ lọ sí yídì, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ilé katikíìsì kọjá. Mo jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn wọn, mò ń ṣọ́ bàtà. Àwọn kan ní mo ti di mùsùlùmí, bàtà ni mo gbájú mọ́.

Ìyá àgbà kú nínú ọyẹ́ ọdún náà. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín.

Nígbà tí Ọjọ́rú Eléérú tún dé, kò sẹ́ni tó jí mi. Mo lajú, mo rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ààrò tutù. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún. Mo fi ikùn òfìfo gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà, láìmu omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí fúnra mi láti ọjọ́ kejì.

Fada fúnra rẹ̀ ló wá yẹ àwa tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi wò lọ́dún náà. Ó ṣí ìwé, ó rí ìlà pupa, ó bi katikíìsì, katikíìsì sì ro gbogbo rẹ̀. Fada kọjú sí mi.

“Ta ló kọ́ ọ ní ààwẹ̀?”

“Ìyá àgbà mi ni, Fada.”

“Ó ṣì wà?”

“Ó ti kú, Fada.”

Ó gba báírò lọ́wọ́ katikíìsì, ó tún orúkọ mi kọ sísàlẹ̀ ìlà náà. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n máa gbé itọ́ rẹ mì. Ọlọ́run kò kà á mọ́ oúnjẹ.” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, katikíìsì pẹ̀lú. Mo ní mo ti gbọ́, Fada. Mi ò gbé e mì.

Kogi ni wọ́n ń pè wá báyìí, katikíìsì náà sì ti lọ bá ẹni tó rán an níṣẹ́. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì náà lónìí, lábẹ́ máńgòrò yẹn náà. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Jésù Olúwa wa ni, Mà.” Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Jésù ló dáná ní ilé wọn láàárọ̀. Ó wá rọra sọ pé ìyàwó bàbá òun ni, pé kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé kí n jọ̀ọ́ má bínú.

Mo ní kí ó pe orúkọ ara rẹ̀ dáadáa, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Báírò dúdú ni. Mi ò ní pupa nílé.