Àwòrán Tí Kò Hàn Lójú Kọ̀ǹpútà

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ mi ò ní ká. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ọdún ni, mo ti kọ́ṣẹ́ ní Kùtọnu, mo sì padà wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí ilé ìwòsàn kékeré kan ti gbà mí láti máa bójú tó òdìnátọ̀ wọn, bí àwa ará ibẹ̀ ṣe ń pe kọ̀ǹpútà. Mẹ́fà péré ni. Wọ́n ti gbó, wọ́n ń lọ́ra, ooru sì ń mú kí abẹ̀bẹ̀ inú wọn máa han bí kòkòrò tó há sínú agolo. Àmọ́ bí mo bá ti ń rìn láti yàrá kan sí èkejì, tí mo fi okùn iná kọ́ ọrùn, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni ilé ìwòsàn náà gbójú lé.

Ohun tó gbé mi níyì níbẹ̀ ni ètò àwòrán. A ò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, Pàràkú la ń rán àwọn aláìsàn lọ. Tí wọ́n bá ti yà á tán, inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Kùtọnu ni wọ́n ń kó o sí, ibẹ̀ náà sì ni ètò tí a fi ń wò ó wà. Ètò yẹn kì í wá sọ́dọ̀ wa. Kùtọnu ló ti ń ṣiṣẹ́. Fèrèsé rẹ̀ nìkan ló ń yọ lójú kọ̀ǹpútà tiwa, bí ìgbà téèyàn dúró níta tó ń wo inú yàrá ẹlòmíràn. Nítorí èyí, aláìsàn tó bá lè rìn ò nílò kó sùn sí Pàràkú de èsì. Ó lè padà sílé, kí dókítà wa wo àwòrán rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó yá, mo pinnu láti yọ ètò ìdarí àtijọ́, ìyẹn èyí tó ń mú kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, kúrò nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, kí n fi òmíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì fúyẹ́, rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yára sí i lóòótọ́. Mo pe ọ̀gá àgbà wá, mo ṣí fèrèsé Kùtọnu fún un, orúkọ àwọn aláìsàn wa tò síbẹ̀ rẹ́gírẹ́gí, ọ̀gá sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò ṣí àwòrán kan ṣoṣo wò. Orúkọ hàn, nọ́ńbà hàn, mo wá gbà pé gbogbo rẹ̀ ló máa hàn.

Màmá tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn aláìsàn nìkan ló kọ̀ fún mi. Ó ní ti àtijọ́ lojú òun mọ̀, kí n fi tòun sílẹ̀. Mo fi sílẹ̀, àmọ́ mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì pé ó yẹ kí kọ̀ǹpútà màmá ti fẹ̀yìn tì.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà tí àgbẹ̀ kan láti Kábúà wọlé láàárọ̀, tòun ti ìyàwó rẹ̀. Níjẹta, ó ń gé ẹ̀ka igi kajú, ẹ̀ka tó dúró lé dá, ó sì forí gbalẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán orí rẹ̀ ní Pàràkú lánàá, ó sì padà wá sùn sílé, nítorí ó ní ẹ̀fọ́rí lásán ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wọlé. Ó ṣí fìlà, ó kí gbogbo wa, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà níwájú yàrá dókítà, ó sì bi mí bóyá òun á lè tètè kúrò, torí èèbù iṣu òun wà nílẹ̀ tí òun ò tíì gbìn.

Dókítà wa, obìnrin tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ṣí fèrèsé náà. Orúkọ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí àwòrán wà dúdú kirikiri.

"Àbúrò, mi ò rí nǹkan kan," ló wí.

Mo ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dókítà."

Mo pa fèrèsé náà dé, mo tún un ṣí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì, dúdú ni níbẹ̀ náà. Mo pe ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ńlá ní Kùtọnu, ó ní àwòrán náà mọ́ kedere lọ́dọ̀ òun, kí n lọ yẹ ọ̀dọ̀ mi wò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí èyí, mo ń yí tọ̀hún: bí fèrèsé ṣe tóbi tó, iye àwọ̀ tó ń lò, ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, fèrèsé náà ò tiẹ̀ ṣí mọ́. Ó pẹ́ kí n tó dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, inú mi sì dùn nígbà tí mo tún rí dúdú náà.

Màmá agbowó yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, ṣé o ò ní wò ó lórí tèmi?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ju tiyín lọ."

Kì í ṣe pé kò wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé ó lè hàn níbẹ̀. Àmọ́ tó bá fi lè hàn lórí ẹ̀rọ tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo ilé ìwòsàn ló máa mọ̀ pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ hàn lórí tèmi.

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, dókítà jáde láti ọ̀dọ̀ aláboyún kan tó ń rọbí. "Ṣé kí n kúkú ní kí wọ́n gbé ọkùnrin yẹn padà sí Pàràkú?"

"Ó ti kù díẹ̀, dókítà."

Ó gbà mí gbọ́. Ó tún wọ yàrá ìbímọ lọ.

Nígbà tí mo gba iwájú bẹ́ńṣì kọjá, ọkùnrin náà ti gbórí lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ó ń hanrun. "Ó ti sùn," ni ìyàwó rẹ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó má bàa jí i. "Kò rí oorun sùn láti ìjẹta." Mo dúpẹ́ nínú mi pé ó sùn, torí ojú tó fi ń tẹ̀ lé mi káàkiri ti ń sú mi.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kí nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ jí i pé kó mu omi. Kò jí. Wọ́n la ojú rẹ̀, ọmọlójú kan ti fẹ̀ ju èkejì lọ. Dókítà sáré jáde, ó wò mí. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ sídìí tábìlì màmá agbowó, mo ní kó dìde fún mi, mo sì ṣí fèrèsé Kùtọnu. Àwòrán náà yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi tí mi ò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan orí náà ò dà bí èkejì.

"Ẹ gbé ọkọ̀ wá," ni dókítà wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá.

Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà Pàràkú tí ọkùnrin náà fi kú.

Lọ́jọ́ kejì mo tún kọ̀ǹpútà dókítà ṣe. Ètò tuntun tí mo fi ń gba fèrèsé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà nìkan ló mọ̀ ọ́n yà. Mo kàn ní láti sọ fún un pé kó jẹ́ kí Kùtọnu yà á tán kó tó fi ránṣẹ́. Ìlà méjì ni mo kọ. Dókítà dúró lẹ́yìn mi, ó wo àwòrán náà títí. Ó ní, "Bóyá ì bá kú náà, ká tiẹ̀ ní a rí i láàárọ̀. Mi ò mọ̀." Ó yíjú sí mi. "Àmọ́ o sọ fún mi pé ó ti kù díẹ̀."

Ọ̀gá àgbà ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé rèsó ni kò dára. Íńtánẹ́ẹ̀tì là ń pè bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń já ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó máa wádìí ẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gun alùpùpù lọ sí Kábúà. Láti ilé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, bí mo ṣe máa sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo bá ìyàwó náà níbi tó ti ń sá kajú sóòrùn. Ó bu omi fún mi, ó sì ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní rèsó ni, ọ̀gá. Mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń sáré kiri lọ́jọ́ náà, tí òógùn bò yín. Mo ti sọ fáwọn ọmọ pé ẹnì kan wà tó gbìyànjú fún bàbá wọn. Gbogbo àárọ̀ la máa ń dárúkọ yín nínú àdúrà."

Gbogbo ohun tí mo tò sẹ́nu fò lọ. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Ó di iṣu mẹ́ta sẹ́yìn alùpùpù mi, mo gbà á, mo gbé e délé, a sì jẹ ẹ́.

Mi ò sí ní ilé ìwòsàn náà mọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi nítòsí ọ̀nà rélùwéè, àwọn oníbàárà mi sì máa ń ráhùn pé mo tètè máa ń sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo máa ń gba ọ̀nà Kábúà kọjá. Àwọn ọmọ yẹn á ti dàgbà báyìí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa dárúkọ mi láàárọ̀, mi ò sì tíì lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n dẹ́kun.