Ìwé Orí Ìyẹ̀fun

Bàtà ló fẹ́ tú àṣírí wa. Ní Al-Nuzlah, ní gúúsù Jẹ́dà, inú pálọ̀ mi ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé, torí pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, kì í rọrùn fún un láti rí ilé-ìwé tó máa gbà á. Ẹ sì mọ ilé Yorùbá: a kì í wọ bàtà wọ pálọ̀ onílé. Báwọn ọmọ bá ti dé, wọn a bọ́ ọ síta, bàtà wẹ́wẹ́ a sì kún ẹnu ọ̀nà bíi ti mọ́ṣáláṣí. Ṣé ilé ẹni tó ń sá pamọ́ nìyẹn?

Nígbà tí àwọn jawasáàtì tí ń wá aláìnípépà kiri kó aládùúgbò wa kan lọ, ọkọ mi ní, "Ìyá ọmọ mi, ó tó gẹ́ẹ́. Bàtà yẹn á pè wọ́n wá bá wa." Inú bí mi burúkú, àmọ́ mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo ní káwọn ìyá má kó ọmọ wá mọ́. Ọkàn mi bàjẹ́, mo sì lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mẹ́kà ni iṣẹ́ mi wà, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Misfalah tí mo ti ń tún yàrá ṣe. Awakọ̀ tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbé wa lọ. Lọ́jọ́ náà, mo bá ìyá àgbà kan ará Ṣáínà nínú yàrá rẹ̀, ó da ìyẹ̀fun sínú tíréè. Mo ní, "Àlàájà, wọn ò gbà kéèyàn dáná níbí o." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó gbọ́ Lárúbáwá, ló ń túmọ̀ fún wa. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ tẹ́ ìyẹ̀fun náà pẹrẹsẹ, ó sì fi ìka kọ álífù sí i, ó kọ báù tẹ̀ lé e.

Mo bi í pé kí ló dé tó ń kọ̀wé sára oúnjẹ.

Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, ìjọba tú àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n run gbogbo ohun àtijọ́. Wọ́n ti mọ́ṣáláṣí pa, wọ́n dáná sun Kùránì, wọ́n sì fi ojú àwọn ààfáà gbolẹ̀ níta gbangba. Ìyá òun kò ní ìwé kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ló kọ́ òun lórí ìyẹ̀fun. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, á da omi sí i, á pò ó, wọ́n á sì jẹ ẹ́ lálẹ́.

Mo rántí wàláà tí wọ́n fi kọ́ wa ní kéwú nílé, tí a máa ń fọ̀, tí a ń mu omi hàǹtú rẹ̀. Orí mi wú.

Ìyá náà ní ìgbà tó yá, ìjọba yíwà padà. Wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí, wọ́n jẹ́ káwọn èèyàn máa ṣòwò, òun sì ta oúnjẹ títí ó fi rí owó wá síbí. Mo bi í pé, "Wọn ò mú ìyá yín rí ni?"

"Wọ́n mú un. Wọ́n pa á lára. Nígbà tó dé, ó tún bu ìyẹ̀fun."

Mi ò fẹjọ́ rẹ̀ sùn o. Kí òtẹ́ẹ̀lì máa bá òfin wọn lọ.

Nígbà tí mo padà sí Jẹ́dà, mo ránṣẹ́ sáwọn ìyá: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Mo gbé tíréè kalẹ̀, mo da ìyẹ̀fun pọfupọ́ọ̀fù sí i. Ọkọ mi dúró, ó wò wá. Ó kó bàtà tó wà nílẹ̀, ó tì wọ́n sábẹ́ àga.

Ọmọbìnrin mi àgbà, tó jẹ́ pé Lárúbáwá ló máa ń fi dá mi lóhùn, dúró tì mí. Ó ní, "Màmá, tí wọ́n bá mú yín ńkọ́?"

Mo gbé ife omi fún un.

"Ìwọ lo máa dà á sí i. Lọ́jọ́ kejì, kí o bu ìyẹ̀fun mìíràn."