Fátíhà Àfúsá Lẹ́yìn Odi

Àfúsá, ìyá Ràhámátù, kì í fi Jímọ̀ ṣeré. Òjò ìbáà rọ̀, kí àwọn tó ń ra láfún lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà Kútọ̀ sì máa pariwo pé ó pẹ́, yóò kọ́kọ́ yà síbi òkúta ìrántí tó wà nítòsí ibi tí odi Abẹ́òkúta gbà láyé ogun. Yóò gbá ewé ìdí rẹ̀, yóò ka Fátíhà fún baba ńlá rẹ̀ tó kú sógun Dàhòmì, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ yìí lé e lọ́wọ́ nígbà tó ṣì wà lọ́mọge, ó sì ti pé ogójì ọdún. Obìnrin tínú rẹ̀ dùn ni, àfi bí òjò bá bá láfún tó sá sórí àpáta.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ la gọ́tà gba ibẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣí òkúta náà nípò, egungun èèyàn ni wọ́n bá lábẹ́ rẹ̀. Àfúsá sáré débẹ̀, ayọ̀ ò jẹ́ kó mí dáadáa.

"Ẹ rọra o! Bàbá mi nìyẹn!"

Bàbá Ọládọ̀tun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ ìtàn àdúgbò, wo ilẹ̀ náà títí.

"Ìyá Ràhámátù, má bínú. Ẹ̀yìn odi nibí. Àwọn tiwa tó kú, wọ́n gbé wọn wálé, wọ́n sin wọ́n sínú ilé. Àwọn ará Dàhòmì ló ṣubú síhìn-ín."

"Ẹ ń sọ pé ogójì ọdún ni mo fi ṣàdúrà fáwọn tó wá kó wa lẹ́rú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rí i. Obìnrin sì wà nínú àwọn ọmọ ogun wọn."

Ẹ̀rín pa àwọn òṣìṣẹ́, kò pa Àfúsá. Ó dùn ún gan-an. Ó lọ jókòó sílé, kò lè jẹun. Ṣé baba ńlá òun ò wá rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ òun látọjọ́ yìí? Ó wo ilẹ̀ pálọ̀ ilé tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Bàbá, ó gbọ́ báwọn ọmọ ṣe ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko, Bàbá sì ti bọ̀. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sọ ọmọ Ràhámátù. Ọkàn Àfúsá rọlẹ̀, ó bu oúnjẹ.

Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bo egungun, wọ́n dá òkúta padà, gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nígbà tí Jímọ̀ dé, Bàbá Ọládọ̀tun rí Àfúsá tòun ti ìgbálẹ̀ rẹ̀, ẹnu yà á.

"O ṣì wá?"

"Bàbá mi wà nílé, mo ti kí i láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní Dàhòmì láyé ọjọ́sí, sà, tó retí ọmọbìnrin rẹ̀ títí tó fi kú, tí kò mọ ibi tọ́mọ náà sùn sí. Èmi mọ ibẹ̀."