Agbọ̀n irú méjì, ọ̀kan dára, ọ̀kan bàjẹ́

Wóró irú, ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà. Igi ìdáná, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀. Ohun tó kù: agbọ̀n irú kan tó dára, àti ọ̀kan tó ń rùn bí òkú eku.

Ìkòkò kan náà ni mo fi sè wọ́n o, nílé mi l'Ọ̀kà níbí!

Láàárọ̀ yìí ni Bùnmi, ọmọ yunifásítì tó máa ń ti Àkùngbá wá ra irú, bu díẹ̀ nínú méjèèjì sínú ike.

"Màmá, kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ wóró di irú. Wọ́n pọ̀ nínú agbọ̀n méjèèjì."

"Ṣé o fẹ́ kà wọ́n ni?"

"Rárá mà, òmíràn lè wà níbẹ̀ kó máa sùn. Purotéènì tí wọ́n ṣe la máa wò. Òun ló ń fi iṣẹ́ kálukú hàn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe ń sanwó alágbàṣe nìyẹn. N kì í ka orí, ebè ni mò ń kà."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Àmọ́ ebè tiwọn ti dàpọ̀ mọ́ra, mà. Ẹ̀rọ ló máa tú u wò, ká tó mọ ẹni tó kọ èwo."

"Nígbà wo?"

"Ó lè tó oṣù mẹ́ta."

Oṣù mẹ́ta kẹ̀! Ọ̀la ni mo fẹ́ se òmíràn fún ọjà Ìkàrẹ́, n ò sì mọ ohun tó ba eléyìí jẹ́. Ẹ̀yin tó ń se irú, ṣé aṣọ tí mo fi bò ó ni àbí agbọ̀n?

Bùnmi ti lọ. Ó jẹ mí ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà fún èyí tó dára. Èyí tó bàjẹ́, ìdáhùn ni kó fi san án.